Láti Kharkiv dé Ilé Màmá Resi Lórí Òkè Alps

Ìdánwò la fẹ́ lọ ṣe lọ́jọ́ tí ogun dé Kharkiv, ní Ukraine. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí fèrèsé wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Basirat, ọmọ Ìbàdàn tí a jọ ń gbé yàrá kan, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ní, “Mulikat, ṣé àrá ni?” Kí n tó dáhùn, bọ́ǹbù kejì dún, gíláàsì fọ́ sórí ibùsùn.

Ọjọ́ mẹ́fà la fi wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Bísíkíìtì là ń jẹ, omi là ń mu. Lọ́jọ́ keje a sáré lọ sí ibùdó reluwé. Èrò tì mí wọnú ọkọ̀, ìlẹ̀kùn pa dé, Basirat wà níta. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu gíláàsì: “Máa lọ! Mo ń bọ̀ lẹ́yìn!”

Láti ìgbà yẹn, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́.

Mo gba Poland dé Austria, àwọn tó ń tọ́jú ogunléndé sì fi mí sílé ìyá àgbà kan ní abúlé kan láàárín òkè Alps. Màmá Resi ni mo ń pè é. Ó máa ń fi búrẹ́dì gbígbẹ, ẹyin àti mílíìkì ṣù nǹkan róbótó, á sè é nínú omi. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń gé sínú rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó rí ìbòrí mi, ó fi wàrà líle rọ́pò ẹran, mi ò tilẹ̀ sọ fún un. Síbẹ̀, mi ò lè jẹ ẹyọ kan tán.

Lọ́jọ́ kan ó mú mi lọ wo ilé olódi àtijọ́ tó wà lókè abúlé. Ó ń ṣàlàyé ẹni tó kọ́ ọ àti àwọn àwòrán ara ògiri.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀? Èèyàn mélòó ló lè gbà?”

Ó dì mí lọ́wọ́ mú, a sọ̀kalẹ̀ lọ. “Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí,” ló wí, “tí ìyá mi gbé mi sá wá síbí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.”

Lọ́jọ́ kọkànlá tí mo dé abúlé náà, Basirat pè láti Romania. Òtútù ti ba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì jẹ́, wọ́n ti gé wọn. “Mo wà láàyè,” ló wí. Mo jókòó ti tábìlì Màmá Resi, mo jẹ mẹ́rin nínú nǹkan róbótó rẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, ní Clinton, ní Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí. Basirat ti padà sí Ìbàdàn, ó ń ta aṣọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí lọ́jọ́sí pé, “Aunty, ẹ ti dé Alps rí? Ṣé ó fine?”

Mo ní ó rẹwà. Òótọ́ ni.

Mo máa ń pe Basirat lọ́jọ́ Sunday tí mi ò bá sí ní shift. A ń sọ ti àwọn ọmọ, ti ọjà, ti iná tí wọ́n mú lọ. Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ẹ́ dárúkọ ibùdó reluwé yẹn, ìkejì á yára béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ.