Fíìmù Tí Wọn Kò Gé

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti fi ìka yí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó há rí. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ibi tó ń sáré lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Mgbuoba ni à ń gbé ní Port Harcourt, nítorí iṣẹ́ epo tí bàbá mi ń ṣe. Òjò ibẹ̀ kì í dágbére kó tó dé. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ á máa gbóná yọ èéfín, òórùn bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan á gba ojú fèrèsé wọlé, ọ̀fun wa á máa dá tòló. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fọ abọ́ ká tó jáde, a gbọ́dọ̀ ṣa òkúta inú ìrẹsì. Bí èmi tàbí Fẹ́mi àbúrò mi bá gbàgbé, tí a sọ Píjin nínú ilé, ìkúnlẹ̀ ni, apá lókè. Bàbá mi á ní, "Ẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nù, bí wọ́n bá ń bú u, yóò máa rẹ́rìn-ín."

Lójú títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń yan bọ̀ọ̀lì, ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Fídíò wà. Ọmọ Ìlá ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Òun àti onífíìmù kan l'Ékòó ló jọ ṣe àdéhùn pé nínú gbogbo Port Harcourt, òun nìkan ni yóò máa fi fíìmù Yorùbá ọkùnrin náà háyà, títí àkókò tí wọ́n dá yóò fi pé. Nítorí náà, ẹni tí etí rẹ̀ bá ń yun ún fún òwe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fún ara wọn mọ́ ọkọ̀ wá láti Aluu. Àwọn ọ̀gá máa ń ti Old GRA wá nínú ọkọ̀ dídán.

Oríṣi méjì ni fíìmù kọ̀ọ̀kan tó ní. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ti gé, irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde: bí eégún bá ti fẹ́ yọ tàbí bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ gbóná, wọn á fò ó. Èkejì ni odindi, bó ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn tó yà á, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn kò yọ nǹkan kan. Abẹ́ káńtà ni odindi máa ń wà. Kì í fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kì í fún awakọ̀. Mo gbọ́ ọ létí ara mi tó ń lé dírẹ́bà kan: "Go tell your oga make im carry im own leg come!"

Odindi kì í wọ ilé wa. Onígbàgbọ́ pọ́nńbélé ni ìyá mi. Ó máa ń ní ohun tí ojú bá rí, ọkàn á gbé e sùn. Gígé là ń wò, gígé náà sì tó wa.

Àfi ìgbà tí Màmá Èkìtì, ìyá bàbá mi, wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. A háyà fíìmù kan tí wọ́n yà nílùú wọn gan-an. Bí fíìmù náà ṣe ń lọ, Màmá ń sún àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú, títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan gíláàsì. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó ti tán?" A ní ó ti tán. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ká tún un wò. Ó tún ní ká tún un wò. Ó sú Fẹ́mi, ó ní, "Mama, na dis one again?" Ó kúnlẹ̀ kó tó ríbi pa ẹnu dé.

Màmá bá ní, "Ẹ má nà án. Ẹnì kan ni mò ń wá."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa. Ọjọ́ ọdún eégún ni àwọn eléré dé ìlú wọn. Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, tẹ̀lé èrò jáde, ẹ̀rọ àwọn tó ń ya fíìmù sì kọjú sí wọn. Ọdún náà kò tíì yípo tí Bàbá fi kú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ikán ti jẹ ẹ́. "Ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi," ni Màmá wí, "ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń parẹ́ lọ́kàn mi. Bí wọ́n bá ti fẹ́ kàn án nínú fíìmù yìí ni wọ́n ń gé e." Bàbá mi yíjú sí ògiri. Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ ni ariwo ta pé àdéhùn Ìyá Fídíò ti pé, pé lọ́jọ́ Ajé ni onífíìmù yóò wá kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà sí Èkó. Ní Sátidé, ìyá mi wé gèlè, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàsán o, Ìyá Fídíò. Odindi fíìmù tí a háyà lọ́jọ́sí ni mo bá wá."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ha! Mama Ronke! You don backslide?"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, jàre. Ti ìyá ọkọ mi ni."

"Eégún wà nínú rẹ̀ o. Kì í sì í ṣe kékeré."

"Ẹ gbé e wá. Mo ní ìborùn."

Òtítọ́ ni, ìborùn náà ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá mi dúró ti tẹlifíṣọ̀n bí ọlọ́pàá. Bí ohun tí kò fẹ́ bá ti fẹ́ yọ, ó máa ń da ìborùn bo gíláàsì, ohùn nìkan là á máa gbọ́. Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ láti yọjú wò lábẹ́ rẹ̀, ó gba ìfọ́tí. Lẹ́yìn náà ni ariwo ọdún sọ, èrò ya jáde, eégún ńlá kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá mi gbé ìborùn sókè.

Màmá Èkìtì kò pariwo. Ó ní, "Ìyàwó mi, jọ̀wọ́. Ẹ̀yìn eégún ló wà."

Ìborùn dúró sí òfuurufú. Ètè ìyá mi ń mì, mo mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ká ìborùn sórí itan rẹ̀, òun náà sì gbójú sókè, ó ń wò.

Eégún kọjá. Ọkùnrin kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí a kò rí.

"Bàbá Délé!" Orúkọ bàbá mi ni Màmá fi ń pe ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀wù tí mo ní kẹ́ ẹ má wọ̀ jáde yẹn náà lẹ wọ̀!"

Bàbá mi sáré tẹ bọ́tìnnì, àwòrán dúró, ó ń gbọ̀n, ìlà funfun ń sá kọjá lójú rẹ̀. Màmá sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o." Ìyá mi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ káàsán, sà." Èmi àti Fẹ́mi rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá a rí i pé àwa nìkan ni.

Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀rọ ìgbà yẹn, bí ẹ bá dá a dúró pẹ́, fúnra rẹ̀ ló ń tú kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bàbá Àgbà rìn, ó bá èrò lọ. Bàbá mi fẹ́ dá a padà. Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Mo ti rí i."

Lónìí, inú fóònù ni àwọn ọmọ mi ń wo fíìmù. Kò sí ohun tí wọn ò lè rí, kò sì sí ìborùn lójú rẹ̀. Àwòrán wọn kì í gbọ̀n bí wọ́n bá dá a dúró. Kálukú wà ní yàrá rẹ̀, ohun tó dí etí ọ̀kan kò jẹ́ kó gbọ́ ẹ̀rín èkejì. N kò bú wọn. Àárò yàrá tí gbogbo wa há sí ló ń sọ mí.

Èkó kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì. Oníkẹ́míìsì gba ṣọ́ọ̀bù, oníbọ̀ọ̀lì sì gbé káńtà. Nígbà tí Màmá Èkìtì kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pín aṣọ rẹ̀, bí àṣà ti wí. Ìyàwó ọmọ kì í bá wọn jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ti fi ohùn sílẹ̀ pé iyùn tí Bàbá Àgbà rà fún un, ìyá mi ni kí wọ́n fún. Àwọn àǹtí mi kùn, wọ́n sì gbé e fún un. Ìjọ ìyá mi kì í lo ìlẹ̀kẹ̀. Kò fi sọ́rùn rí, kò sì fún ẹnikẹ́ni. Títí di òní, ó máa ń gbé e jáde, á fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, á nù ún gbẹ, á dá a padà sínú àpótí.