Bàbá Tó Rán Mi Gun Ilé Olódi
Bàbá kan wà tí a jọ ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú ní Dallas níbí. Tísà ìtàn ni wọ́n nílé kí wọ́n tó wá síbí. Tó bá ti rẹ̀ wá, wọ́n á ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n kọ́ yín." Ilé olódi tí ọba kan kọ́ sórí àpáta ní Faransé ni wọ́n máa ń sọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ wò ó, èmi alágbára ni wọ́n mú dání.

Nígbà tí a débẹ̀, orúnkún wọn kọ àtẹ̀gùn. "Bá mi gùn ún." Mo gùn ún láìsinmi, mo kọjá àwọn òyìnbó tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì sọ̀ kalẹ̀ wá jíṣẹ́ fún wọn.

"Òkúta lásán ni, sà."

"Ihò tí wọ́n ti ń ta ọfà ńkọ́? Ṣé èèyàn ń rí odò tó wà nísàlẹ̀ àpáta níbẹ̀?"

"Mi ò yọjú."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé wọ́n ń rí i. Padà lọ yọjú."

Mo ní, "Ó dáa, sà," mo tún kọjú sí àtẹ̀gùn.