Iyùn Tí Alájì Fẹ́ Fojú Rí

Èmi ò fẹ́ràn omi. Mo lè mu ún, mo lè fi wẹ̀, mo lè fi ṣe àlùwàlá, ibẹ̀ náà ló mọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, kànga ni mo bá nílé, kànga tí o bá yọjú wò, ìyá rẹ á fi ìgbájú dá ọ padà. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa obìnrin pè wá jókòó ní pálọ̀ wa ní Durumi, tó ní òun ti ṣètò kí èmi àti bàbá òun lọ lo ìsinmi ní Sánsíbà, erékùṣù kan tó wà nínú òkun lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà, mo bi í pé kí la fi ṣẹ̀ ẹ́.

"Màámi, torí Dádì ni," ó ní. "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀."

Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀ nínú ilé yẹn. Ọkọ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alájì, fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní jọ́gíráfì. Wọ́n á ya òkun sójú pátákó, wọ́n á ya erékùṣù, wọ́n á wá fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya iyùn sí ìsàlẹ̀ omi. Iyùn tí èmi mọ̀, ọrùn ìyàwó ló ń gbé. Alájì ló kọ́kọ́ sọ fún mi, nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra wa, pé ohun abẹ̀mí ni iyùn, pé inú òkun ni ilé rẹ̀, pé ó ń jẹun, ó ń bímọ, ó ń kọ́lé lé ilé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí wọn ò ní wí pé lọ́jọ́ kan àwọn á mòòkùn lọ fojú ara àwọn rí iyùn nílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wọn ò fi ẹsẹ̀ kan òkun rí.

Ìgbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Àrùn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní gulakóómà ni. Kì í dunni, kì í pọ́n ojú, ṣe ló ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú wọlé díẹ̀díẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ etí aṣọ. Nígbà tí a máa fi mọ̀, èyí tó kù fún Alájì kò ju ti ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí wọ́n bá ń wo ẹnu mi, wọn ò ní rí iwájú orí mi. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, pé oògùn tí mò ń kán sí i láàárọ̀ lálẹ́ kàn ń di èyí tó kù mú ni, òun ò sì lè sọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ máa rẹ̀. Nígbà tí Alájì jáde bá mi níta, mo béèrè pé ṣé ẹja ni àbí àkàn.

"Ìyàwó mi, àkàn ni," wọ́n ní. "Àmọ́ ó ṣì ku ojú tí mo lè fi wo ẹja."

Ọkùnrin yẹn á máa ṣàwàdà bí ilé bá ń jó. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú takisí tó gbé wa gba Wuse kọjá ni mo ti sunkún, mo ní ìdọ̀tí ló kó sí mi lójú. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn: kí Alájì rí iyùn kí ihò kékeré yẹn tó dí. Ohun tí ọmọ wa ń sọ nìyẹn, mi ò sì lè bá a jiyàn.

Dókítà ò gbà kí wọ́n mòòkùn. Ó ní kí wọ́n léfòó sójú omi nìkan, kí wọ́n dojú bolẹ̀, kí wọ́n lo awò ńlá tó bo ojú àti imú pọ̀, èyí tí kò ní tẹ ẹyinjú, pẹ̀lú ọ̀pá roboto tí èèyàn ń fẹnu gbà mí. Ó dun Alájì díẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lá àlá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé náà ti kí onílé.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà ní Utako tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ọmọbìnrin Èkìtì kan ló ń kọ́ni níbẹ̀. Alájì forúkọ sílẹ̀. Ọmọ wa ní èmi náà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Mo ní láéláé. Ó ní bí bàbá òun bá wà nínú omi lọ́hùn-ún, ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Mo wò ó, mo wo bàbá rẹ̀ tí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní ó dáa.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kàn. Èmi tí mò ń taṣọ ní ọjà Wuse, ṣé èmi ni wọ́n á wá raṣọ fún? Mo ní mo máa rán ohun tí màá wọ̀, tó máa bò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ obìnrin mùsùlùmí. Mo yọ àdìrẹ aláró kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Òṣogbo, aṣọ tó ki dáadáa, mo gbé e fún télọ̀ mi, ó rán ṣòkòtò, ó rán ẹ̀wù gígùn, ó rán ìborí. Ẹ ò bá wá wò mí lọ́jọ́ náà. Mo ní bisimilahi, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Ọmọ Èkìtì ní, "Mọ́mì, ẹ ń gbìyànjú o." Mo fẹ́ dá a lóhùn ni mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Mo wo ara mi. Aró ń tú jáde lára mi. Omi hòtẹ́ẹ̀lì ti ń di ti aláró, ó sì ń lọ bá àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ wọn lápá kejì.

Ẹnu mi yìí ni mo fi ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé, "Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, kí ẹ ṣàn án títí aró á fi dákẹ́." Mo sọ fún gbogbo ayé tán, mi ò sọ fún ara mi. Máníjà sáré dé, ó ń pariwo, "Kai, Hajiya, kai." Ọmọ wa ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde. Inú ń bí mi, mo fẹ́ bá gbogbo wọn jà pọ̀. Alájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rìn wá sétí omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yí orí wọn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń wá nǹkan.

"Ìyàwó mi, má tíì jáde," wọ́n ní. "Mò ń rí i. Ó ń lọ, mò ń rí i."

Mo dúró sínú aró mi. Máníjà náà wo Alájì, ó wò mí, ó wá dúró tì wọ́n. A jọ ń wo àwọ̀ búlúù yẹn títí ó fi tàn dé òdìkejì.

Hòtẹ́ẹ̀lì ní ká má padà wá títí àwọn á fi pààrọ̀ omi. Ọmọ wa ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin mùsùlùmí fún mi, èyí tí kì í ṣí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìjà, mo mọ̀ ọ́n léfòó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo fi ń léfòó, mo kọjú sókè, mò ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Kí n ti ojú bọ inú omi ni kò ṣeé ṣe. Nílé, Alájì á bu omi sínú bàsíà, wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á ní kí n dán an wò níbẹ̀. Mo ní omi tí mo rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà tó ń ti omi kiri kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré. Wọ́n á na ọwọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Di ọwọ́ mi mú, kí o fi imú kàn án lásán." Imú mi á kan omi, kànga Ọ̀yọ́ á dé sójú mi, màá gbé orí sókè, màá máa bínú. Alájì tí mo rò pé wọ́n á rì, wọ́n ti ń lọ bí pẹ́pẹ́yẹ. Báyìí la ṣe wọ bàálù.

Sánsíbà dára, kí n má parọ́. Ìpè àdúà ń dún lọ́tùn-ún lósì, àwọn ará ibẹ̀ ń kí wa ní sàlámà. Oúnjẹ wọn ò ní ata tó bó ṣe yẹ, àmọ́ mo ti fura, mo gbé tèmi dání. Ọkọ̀ onígbòkùn ló gbé wa lọ sójú òkun, ọkọ̀ onígi tí kò lo ẹ́ńjìnnì, aṣọ funfun ńlá kan tí wọ́n ta sókè ni atẹ́gùn ń fẹ́ lù tó fi ń lọ. Mo fọwọ́ kan aṣọ náà kí n tó jókòó. Òwú tó ki ni, etí rẹ̀ ti ń gbó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ pé aṣọ ló ń gbé wa lọ. Nígbà tí a dé ibi tí omi ti mọ́ débi pé à ń rí òjìji ọkọ̀ wa nísàlẹ̀, atukọ̀, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ká ìgbòkùn náà, ó nawọ́ sínú omi pé ibẹ̀ ni iyùn wà.

Alájì wọ awò, wọ́n fi ọ̀pá sẹ́nu, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú láìfù-jákẹ́ẹ̀tì wọn, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Èmi dì mọ́ ọkọ̀. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Èyí ò tilẹ̀ hó rárá, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dán an wò. Mò ń wo ẹ̀yìn ọkọ mi lójú omi. Wọ́n yí síbí, wọ́n yí sọ́hùn-ún, wọ́n tún yí padà. Ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé orí sókè tí wọ́n yọ ọ̀pá lẹ́nu, wọn ò kọjú sí mi.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Búlúù ni," wọ́n ní. "Búlúù nìkan. Ẹja ń kọjá, ìrù rẹ̀ ni mò ń bá. Kí n tó wá a kàn, ó ti lọ. Iyùn yẹn, mi ò mọ apá ibi tó wà." Wọ́n di etí ọkọ̀ mú. "Kò burú. Mo ti dé ibẹ̀. Ó tó."

Ohùn tí wọ́n fi sọ "ó tó" yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń tètè tó, ẹ bi ìkòkò ọbẹ̀ mi. Ohùn ẹni tó ń mọ́kàn le kí ìyàwó rẹ̀ má baà sunkún ni. Inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí, bóyá àrùn yẹn, bóyá òkun, bóyá èmi tí mo jókòó sórí pákó bí ẹrù. Mo ní, "Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má lọ ibì kankan."

Mo wọ awò àti láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tèmi. Mo tú síkáàfù gígùn tí mo so mọ́ ìdí, mo di etí kan mú, mo ju etí kejì sí wọn. Ó yé wọn lójú ẹsẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí ilé-ìwé ò bá sí, Alájì ló máa ń bá mi di etí aṣọ mú tí mo bá ń wọn ọ̀pá fún oníbàárà. Ariwo ọjà kì í jẹ́ ká gbọ́ra, nítorí náà a kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá fà á sọ́tùn-ún, wọ́n á sún sọ́tùn-ún. Bí mo bá fà á sósì, wọ́n á sún sósì. Bí mo bá fà á le, kí wọ́n dúró gbọn-in, mo fẹ́ gé e nìyẹn. Mo ní bisimilahi, mo fi ọ̀pá sẹ́nu, mo bọ́ sínú òkun, mo dojú bolẹ̀.

Mi ò ní sọ pé ẹ̀rù ò bà mí. Kànga Ọ̀yọ́ tún dé sójú mi. Ṣùgbọ́n mo la ojú, mo sì rí i. Iyùn lórí iyùn. Òmíràn rí bí olú, òmíràn yọ ẹ̀ka bí igi, ó pupa, ó pọ́n bí ọsàn, ó ní àwọ̀ àlùbọ́sà, ẹja ń wọlé, ẹja ń jáde. Ilé ni lóòótọ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Alájì kọjú síbi tí kò sí nǹkan kan. Mo fà á sósì. Wọ́n sún sósì. Mo tún fà á díẹ̀. Mo rí i tí orí wọn ń yí tẹ̀lé ọwọ́ mi, títí wọ́n fi dojú kọ òkìtì iyùn tó pupa jù níbẹ̀. Mo fà á le.

Wọ́n dúró. Ó pẹ́ tí wọ́n dúró. Wọ́n fa síkáàfù le padà sí mi, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Ẹja kékeré kan tó ní ìlà funfun lára dúdú, bí aṣọ òkè ẹtù gan-an, wá dúró níwájú iyùn náà, kò kúrò níbi tí wọ́n ń wò. Mo sunkún sínú awò. Kò síbi tí èèyàn ti lè nù ún nínú òkun, mo kàn ń sun ún lọ, mò ń fa síkáàfù, sọ́tùn-ún, sósì, dúró, títí atukọ̀ fi pè wá.

Nígbà tó ta ìgbòkùn padà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo rò pé Alájì á máa sọ̀rọ̀ iyùn títí a ó fi gúnlẹ̀. Wọn ò sọ ọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé ká tún padà wá lọ́la.

"Iyùn ti tó," wọ́n ní. "Wá síbí. Kọjú sí oòrùn."

"Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí n nu ojú ná, mo ti rí bí adìẹ tí òjò pa."

Wọ́n ní kí n má nù ún. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, wọ́n gbé ojú mi lọ, wọ́n gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ síbi tí wọ́n ti ń ríran. Iwájú orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ọ̀tún, wọ́n bọ́ sí ti òsì. Wọ́n wo pélé mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wo imú, wọ́n wo ẹnu tó ti ń bá wọn jà láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé. Atukọ̀ kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Mo fẹ́ rí iyùn, mo ti rí i," wọ́n ní. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó gbẹ̀yìn lójú mi."

Ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè, ó ń gbé e wálẹ̀. Mo di pákó mú lọ́tùn-ún lósì kí orí mi má baà mì, kí wọ́n lè wò mí tán.