Fíúsì Tí Mo Fi Wáyà Dì

Iṣẹ́ ríwáyà mọ́tò ni mo ń ṣe ní Sabon Gari, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Bí oníbàárà bá ní kí n so ẹ̀rọ orin ńlá mọ́ mọ́tò òun, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, mo ti máa kọ́kọ́ bá a jà ná. Fíúsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìdí bátìrì. Ibi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá, ó gbọ́dọ̀ wọ rọ́bà kí irin má baà bó o. Tí ẹnì kan bá ní kí n yọ fíúsì dànù torí ó ń jó lemọ́lemọ́, n óo ní kó máa gbé mọ́tò ẹ̀ lọ. Haba! Ṣé ó fẹ́ jóná mọ́nú ẹ̀ ni?

Ìyá mi ló jẹ́ kí n so ẹ̀rọ sínú mọ́tò tèmi. Láràárọ̀ Sọ́ńdè ni mo máa ń gbé wọn lọ sí àdúrà àsálátù ní Dogarawa, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ wáàsí lọ́nà, àmọ́ etí wọn ti ń lọ. Mo wá gbé ámpù, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè, sínú búùtù. Mo fa wáyà rẹ̀ láti ìdí bátìrì, mo fà á gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì títí dé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń jókòó sí. Inú wọn dùn! Kò sí ará àdúgbò tí wọn ò sọ fún pé ọmọ àwọn mọṣẹ́.

Kò pẹ́ tí fíúsì náà jó. Mo pààrọ̀ ẹ̀, ó tún jó. Ó yẹ kí n wá ohun tó ń jó o, kí n tú kápẹ́ẹ̀tì wò. Àmọ́ Sọ́ńdè ni, ìyá mi ti wọ hìjáábù tán, wọ́n ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo gé wáyà kékeré kan, mo fi dì í kí iná lè máa kọjá. Mo ní tó bá di Mọ́ńdè n óo tún un ṣe. Mọ́ńdè dé, iṣẹ́ àwọn oníbàárà kún ilẹ̀, mo gbàgbé. Oṣù mẹ́ta! Èmi tí mò ń bá gbogbo ayé jà!

Sọ́ńdè kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà, a ò tíì kọjá Chikaji tán tí ìyá mi ní, “Ìjókòó yìí mà gbóná o.” Mo ní oòrùn ni. Wọ́n tún ní, “Kí ló ń rùn yìí?” Kí n tó yíjú, èéfín dúdú ti ń yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Yéè! Mo tẹ bíréèkì, mo bẹ́ sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí láti inú, torí àwọn ọmọ mi ni mo ṣe tì í bẹ́ẹ̀. Mò ń wo ìyá mi lójú gíláàsì, wọ́n ń fọwọ́ gbá a, wọ́n ń pe Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ mi yọ̀ lára ìlẹ̀kùn. Nígbà tó ṣí, mo kàn wọ́ wọn jáde bí ẹrù ni. Etí aṣọ wọn ti ń jó, ọwọ́ lásán ni mo fi pa á.

Ọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti dúró, ó ń da yẹ̀pẹ̀ sínú mọ́tò. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú orí bátìrì, iná náà bá kú. Níbi tí wáyà ti gba inú irin wọlé, ara ẹ̀ ti bó, ó ń kan irin. Mi ò fi rọ́bà síbẹ̀. Ohun tó ń jó fíúsì ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn.

Oníkẹ̀kẹ́ náà rí wáyà tí mo fi di fíúsì. Ó pariwo ní Hausa, “Kai! Wèrè wo ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?”

Ìyá mi dá a lóhùn kíákíá pé kì í ṣe ọmọ àwọn, ọmọ àwọn ò lè ṣe irú ẹ̀ láyé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Sọ fún un.”

“Ìyá, èmi ni.”

“Ìwọ? O sì mọ̀ pé ó lè gbiná?”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“O sì mọ̀ pé abẹ́ ibi tí mo máa ń jókòó sí ló gbà?”

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n wọnú kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, wọ́n ní kó gbé àwọn lọ sílé.