Àga Píánò, Bàbá Ọkọ Mi àti Ọrùn Ọwọ́ Ọ̀tún Mi

Ògì gbígbóná ni mo ń dà sínú ife bàbá ọkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, nílé wa ní Ṣómólú, tí ọwọ́ ọ̀tún mi fi ju ìkòkò sílẹ̀. Mi ò kọsẹ̀, ìkòkò náà ò sì wúwo. Mo kàn yí ọrùn ọwọ́ láti dà á ni, nǹkan kan sì gún mi láti ìdí àtàǹpàkò gòkè dé ìdajì apá, bí ẹni pé wọ́n ki abẹ́rẹ́ gbígbóná bọ̀ mí lára. Ògì dà sílẹ̀, ó ta sí mi lẹ́sẹ̀. Bàbá, tí wọ́n jókòó sórí àga píánò mi níbi tí wọ́n máa ń wà, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, wọ́n kí mi pẹ̀lẹ́, wọ́n sì béèrè bóyá òmíràn ṣì kù. Mo ní ó kù. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbé e wá, mo sì tún ń tọrọ àforíjì pé ọwọ́ òsì ni.

Mò ń kọ èyí fún ẹni tí ara rẹ̀ ti ń bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ ọmọdé ní píánò. Obìnrin òyìnbó kan, míṣọ́nnárì, ló kọ́ mi ní apá Ọ̀yọ́ níbi tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo lọ́kọ, tí mo dé Èkó, a ra píánò àlòkù kan, a gbé e sí pálọ̀, ọkọ mi tó ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé kan ládùúgbò wa sì bá mi tẹ àkọlé tí mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ilé ìwé bá ti jáde lọ́sàn-án, àwọn ọmọ Ṣómólú, Bàríga àti Fádèyí á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Ohun tí mo fi ń yọ wọ́n lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn. Mi ò fẹ́ kí ọmọ gbá píánò bí ẹni ń gún iyán. Mo ń sọ ọ́ títí ẹnu fi ń bó mi: ẹ jókòó kí ìgbọ̀nwọ́ yín dọ́gba pẹ̀lú eyín píánò. Eyín ni mò ń pe àwọn pátákó wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú tí à ń tẹ̀. Ẹ sọ èjìká kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rọ̀. Bó bá ń dùn yín, ẹ wí, torí mi ò sí nínú ara yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka èyí sí wọn létí, Bàbá náà sì ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n jókòó sí.

Lẹ́yìn ọjọ́ ògì yẹn, ìrora náà kò lọ mọ́. Bí mo bá fún aṣọ, ó dé. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ó dé. Lórí píánò, ìgbà tí àtàǹpàkò bá fẹ́ gba abẹ́ àwọn ìka yòókù kọjá ló burú jù. Ibi tí àtàǹpàkò ti bẹ̀rẹ̀ wú, ó le, bí mo bá sì fi ọwọ́ kejì kàn án nígbà tí mò ń gbé ìka, mo máa ń gbọ́ nǹkan tó ń ha lábẹ́ awọ, kẹ̀rẹ́ kẹ̀rẹ́, bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

Gbogbo èèyàn wá di dókítà. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì béèrè ọwọ́ wo ni, nígbà tí mo ní ọ̀tún ni, ó mi orí, ó ní ta ni mo bá jà. Aládùúgbò wa kan ní iṣẹ́ ọlẹ ló ń pa mí, pé kí n máa lọ ata lórí ọlọ kí ọwọ́ lè le. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Bàríga, ló wá ṣe jù. Ó fi àdí ra á, ó fa ìka kọ̀ọ̀kan títí ó fi dún, ó sì fi aṣọ dì í pinpin. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mi ò sì lè sọ pé rárá. Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ náà ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi, mi ò sì lè so ìró mi fúnra mi.

Ìgbà yẹn ni mo wọ bọ́ọ̀sì ní Fádèyí lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Èkó. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó jẹun kúrò nílé. Bẹ́ǹṣì gígùn là ń jókòó sí, a ó máa sún díẹ̀díẹ̀, tí èèyàn bá sì dìde lọ tọ̀, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan bí ọmọ tuntun. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọmọ tó ń wúkọ́, ó wo ọwọ́ mi, kò rí egbò, kò rí ẹ̀jẹ̀, ó wá bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Ohun tó ń bí èèyàn nínú nínú irú àìsàn yìí nìyẹn: ojú kò rí i, o sì gbọ́dọ̀ máa rojọ́ rẹ̀ kiri. Oòrùn ti kọjá àtàrí kí nọ́ọ̀sì tó pe orúkọ mi, kò sì pè é dáadáa.

Dókítà náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, kí n fi ìka yòókù bò ó, ó wá rọra tẹ ọwọ́ náà sísàlẹ̀ sí apá ọmọńdinrín. Mo ké. Ó ní ohun tó ń wá nìyẹn. Ó ṣàlàyé pé iṣan líle bí okùn ló máa ń fa àtàǹpàkò, àti pé àwọn okùn náà ń gba inú ọ̀nà tóóró kan kọjá létí ọrùn ọwọ́, ọ̀nà tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò bí àkọ̀ ṣe ń bo ọ̀bẹ. Bí okùn bá ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí ọrùn ọwọ́ wà ní títẹ̀, á máa ha àkọ̀ náà, àkọ̀ á wú, ọ̀nà á há, okùn kò ní rí ibi gbà mọ́. Kì í ṣe àìsàn ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ti eegun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tá.

Ó wá ní kí n jókòó sídìí tábìlì òun, kí n ṣe bí ẹni ń tẹ píánò. Mo wò yíká. Àpótí kékeré kan wà tí àwọn aláìsàn fi ń gun bẹ́ẹ̀dì, mo fà á wá, mo jókòó sórí rẹ̀, mo na ọwọ́ sókè sórí tábìlì.

Ó wò mí títí. "Mà, kí ló dé tí ẹ jókòó sílẹ̀ bí ẹni ń fọṣọ?"

Mo ní báyìí ni mo ṣe ń jókòó nílé, torí bàbá ọkọ mi ló wà lórí àga mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ yé yín bí mo ṣe sọ ọ́ yé e. Àga píánò mi jẹ́ àga roboto, kò ní ẹ̀yìn, ìjókòó rẹ̀ sì ń yí, èèyàn lè yí i sókè tàbí sísàlẹ̀ títí yóò fi bá a mu. Ọmọ tí mò ń kọ́ á wà lórí àga ìjẹun, pẹ̀lú ìdì ìwé ìròyìn lábẹ́ ìdí rẹ̀ kó lè ga tó. Èmi á wà lórí àga mi lápá ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí bàbá ọkọ mi fi iṣẹ́ ẹja pípa sílẹ̀ létíkun Ìlàjẹ, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, àwọn àga tìmùtìmù wa rẹlẹ̀ jù fún eegun wọn. Ọkọ mi yí àga píánò sókè, ó nù ún, ó fi lọ bàbá rẹ̀. Bàbá jókòó síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò, ọ̀rọ̀ parí. Ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà pé kó dìde lórí ìjókòó tí wọ́n fi dá a lọ́lá? Orúnkún wọn kò jẹ́ kí àga ìjẹun kejì wọ ibẹ̀. Bí mo bá dúró kọ́ àwọn ọmọ, fèrèsé ni màá dí mọ́ Bàbá, ẹ̀yìn ni màá sì kọ sí wọn. Mo fa àpótí wá láti ilé ìdáná. Orí àpótí yẹn ni mo ti ń na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti fi orin han àwọn ọmọ, lọ́sàn-án gbogbo, ó ti lé lọ́dún kan.

Dókítà fi pákó pẹlẹbẹ àti bándéèjì di àtàǹpàkò àti ọrùn ọwọ́ mi kí wọ́n má bàa mira. Ó ní kí n má tẹ píánò rárá títí òun á fi tún rí mi. Ó wá gbé ojú sókè.

"Mi ò ní oògùn tó ń lé bàbá ọkọ dìde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà sórí àpótí yẹn, ọ̀bẹ la máa fi la àkọ̀ yẹn, mi ò sì lè ṣèlérí pé ọwọ́ náà á tún sáré bíi tàtẹ̀yìnwá."

Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí bí mo ṣe délé. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní òun á bá Bàbá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní Bàbá ń sùn. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní inú Bàbá kò dùn. Nígbà tó yá, ó lọ bá káfíńtà kan ní Bàríga, ó ní kó kan àga gíga kan tó ní ẹ̀yìn àti ìgbọ́wọ́lé, àga tó dára gan-an. Ó gbé e wọlé, Bàbá wò ó, wọ́n ní ta ló ni èyí. Ọkọ mi yanu, ó pa á dé, ó ní, "Àga àlejò ni, Bàbá." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Àga àlejò dúró síbi ògiri, Bàbá dúró sórí àga píánò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ fìnrín ọ̀rọ̀ náà. Ó wá bá mi nílé ìdáná, níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ kan bẹ iṣu, ó ní: "Ìyàwó, ṣé àga lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ bàbá wa? Ká tún máa retí ọjọ́ tí o máa gba yàrá." Mo ń bẹ iṣu mi lọ. Àwọn òbí kan ti kó ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn ní Yábàá. Àwọn tó kù, ẹnu ni mo fi ń kọ́ wọn, inú sì ń bí mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Kí àìsàn yìí tó dé, mo máa ń tẹ orin ìsìn kan fún Bàbá lọ́sàn-án kí àwọn ọmọ tó dé. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí àga àlejò dé, Bàbá yí àga píánò sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ìgbà wo ni ọwọ́ yìí máa san? Etí mi ń wá orin."

Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ tí ẹ bá dìde lórí àga yẹn ni."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: àpótí, àkọ̀ tó wú, ọ̀bẹ dókítà. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mò ń bẹ̀rù ló ń bí wọn nínú.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí lórí àga yìí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Kò ní ibi tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì. Mo ní ohun tó dára jù tí ọmọ mi ní ló fi dá mi lọ́lá, bí mo bá dìde, mo tàbùkù rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n nawọ́ sí ògiri. "Èyí tó ní ẹ̀yìn yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Wọ́n ní ti àlejò ni."

Wọ́n di píánò mú láti dìde, eyín rẹ̀ dún gbàràmù. Wọ́n rọra rìn dé ibi ògiri, wọ́n jókòó sórí àga tuntun, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n mí kanlẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ló ti dúró. Bàbá bi í pé, "Ta ni àlejò nílé yìí?" Ó dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀.

Ọwọ́ náà kò san lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n tú pákó, apá mi ti rù, àtàǹpàkò sì ti gan. Láràárọ̀ ni mò ń rẹ ọwọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí mò ń la ìka, tí mò ń ká a, láìfi ipá ṣe é. Nígbà tí dókítà tún tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ tí mi ò ké, ó ní ọ̀bẹ kò sí lọ́rọ̀ yìí mọ́. Títí di òní, bí òjò bá ṣú, ó máa ń rán mi létí, mi ò sì í fi ọwọ́ kan gbé ìkòkò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fa ìka yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dì í pinpin. Kí ẹ tó wá oògùn, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ jókòó sí.

Ara kì í ṣe igi. Tèmi sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ilé, tó kún fún ọ̀wọ̀, pa ẹnu mọ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi mí sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pẹ̀lú, tó ń fọ aṣọ wa ní gbogbo àsìkò náà bó tilẹ̀ ń bú mi. Àwọn ọmọ ń padà wá, kì í ṣe gbogbo wọn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ odidi orin kan, mo yí àga mi títí ìgbọ̀nwọ́ fi dọ́gba pẹ̀lú eyín píánò. Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, Bàbá ń gbọ́ lẹ́yìn mi. Nígbà tó parí, mo yí àga sọ́dọ̀ wọn, mo bi wọ́n bóyá ẹ̀yìn ṣì ń dùn wọ́n.

"Bó bá ń dùn mí, màá wí," ni Bàbá sọ. "Ṣebí ohun tí o fi ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn."