Àwa Tí A Yí Ọlọ́pàá Ká ní Enerhen

Nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde, tí ọkọ̀ agbépo ń sáré láti Ekpan wá sí Enerhen bí ẹni pé èèyàn kò sí lójú títì, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mí ní Warri. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí ní ohun tí aṣáájú jẹ́, èyí tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ẹgbẹ́ àdúrà wa ni mo ti kọ́ ọ. Olùkọ́ tó ń tọ́ wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti ipò: ẹni tó wàásù lónìí ni yóò gbálẹ̀ lọ́la. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tí kò lè dúró ti ẹni tí kò fẹ́ràn kò tíì ṣe aṣáájú." Modúpẹ́, ọmọ ìyá aláṣọ kan ní Deco Road, ni ààrẹ wa, èmi ni igbákejì rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ agbépo tẹ Efe, tó ń ta gìtá fún wa, pa. Awakọ̀ sá lọ. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ́ lọ sí oríta Enerhen, a ní kí ìjọba fòpin sí eré àsápajúdé yìí. Orin la ń kọ lọ́wọ́ tí ọlọ́pàá fi yin afẹ́fẹ́ tajútajú lù wá. Kóńdó ń ró lórí èèyàn. Mo gbọ́ bí egungun apá ọmọkùnrin kan ṣe kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìbọn dún, ọmọ kíláàsì kìíní kan ṣubú, kò sì dìde mọ́.

Nígbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yíjú padà pẹ̀lú òkúta. Àwọn ọlọ́pàá fò sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n fi ẹnì kan sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́ ọ nílẹ̀, wọ́n fa aṣọ rẹ̀ ya, ẹnì kan gbé táyà dé, òmíràn gbé bẹntiróòlù.

"Burn am! Dem kill our person!"

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Modúpẹ́ la àárín èrò náà kọjá, ó dùbúlẹ̀ lé ọkùnrin náà lórí. "Rótìmí!" ó ké sí mi. "Ẹ fọwọ́ kọ́wọ́, ẹ yí wa ká!" Àwa ọmọ ẹgbẹ́ sì yí wọn ká.

"Dupe, comot for there! Na police kill that boy!"

"I know. If you wan burn am, burn me join."

Òkúta bà á lójú. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, kò kúrò. Wọ́n da bẹntiróòlù lé gbogbo wa lórí. Ó ń ta mí lójú, ó ń jó mi lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n Efe ló mú ìṣáná lọ́wọ́. Ó wo Modúpẹ́ títí.

"You chop for our mama house," ó wí. Ó ju ìṣáná náà sínú gọ́tà, ó jókòó sójú títì, ó bú sẹ́kún.

A gbé ọlọ́pàá náà wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì yè.

Kí la jèrè? Wọ́n mọ òkìtì sójú títì kí ọkọ̀ má baà sáré. Kí la pàdánù? Ojú Modúpẹ́ kan fọ́ pátápátá, wọ́n sì lé èmi àti òun kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé àwa la dá rúgúdù sílẹ̀. Ọlọ́pàá tí a gbà là kò wá jẹ́rìí wa.

Mo bi Modúpẹ́ nígbà kan bóyá ó kábàámọ̀. "Rárá," ó ní. "Àmọ́ ẹ má sọ pé mo dárí ji àwọn ọlọ́pàá lórúkọ ọmọ tí wọ́n yìnbọn pa yẹn. Èmi kọ́ ni wọ́n pa."

Ìyá ọmọ kíláàsì kìíní náà ṣì wà láyé. Títí di òní, kò sí aṣojú ìjọba kan tó tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀.