Wọ́n Kó Fíìmù Jáde, Wọ́n Fi Bàbá Sílẹ̀

Alàgbà Gàníyù Ajíbádé kú lọ́jọ́ Àtàláátà tó kọjá, ní ilé ìwòsàn kan ní Camberwell. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé òtútù àyà ló pa wọ́n. Èmi sọ pé yàrá tí wọ́n ń sùn sí ló pa wọ́n.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kiri ọsibítù. Bí Saturday bá dé, wọ́n á gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ìsọmọlórúkọ, nikah, ìrun Ọdún tí a ń kí nínú ilé ìkẹ́rùsí lójú Old Kent Road kí a tó ní mọ́sáláṣí tiwa, kò sí èyí tí Bàbá kò yà. Bí wọ́n bá bí ọ ní Peckham, tí òbí rẹ jẹ́ Yorùbá Mùsùlùmí, ó ṣeé ṣe kí ojú rẹ wà nínú fíìmù wọn, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fọ fọ́tò láti inú rẹ̀. Tèmi wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n bá àwọn kó fíìmù náà sórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ̀sán Sunday ni mo ń gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, sí yàrá tí Bàbá ń sùn sí, níbi tí páálí fíìmù wà. Màá gbé kámẹ́rà mi sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, màá dojú rẹ̀ kọlẹ̀, màá tẹ́ fíìmù sórí àwo iná funfun, màá sì yà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á sọ dúdú di funfun, ojú èèyàn á wá yọ.

“Hàlímọ̀tù nìyẹn,” Bàbá á wí. “Ọ̀sẹ̀ yẹn ló dé láti Ìsẹ́yìn. Òtútù ń pa á, kò fẹ́ ká mọ̀.”

Ọjọ́ Sunday kẹta ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo rí nǹkan lójú ọmọ ìkókó kan, ó tín-ín-rín bíi gbòǹgbò. Mo rò pé eruku ni. Mo fẹ́ ẹ, kò lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé ohun kan náà wà lára ògiri lẹ́yìn orí Bàbá, ó dúdú, ó sì ti gùn dé àjà.

“Damp yìí, ọ̀rinrin ògiri yìí, ti ń jẹ fíìmù,” mo ní. “Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?”

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ni kò jẹ́.

Ọdún mẹ́fà ni Aunty Sherifat, ìyàwó wọn, ti ń pe àjọ tó ni ilé náà nítorí ògiri yìí. Ẹnì kan wá lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní kí wọ́n máa ṣí fèrèsé, kí wọ́n má máa sá aṣọ sínú ilé. Wọ́n kun ún lọ́dà. Kò pé oṣù méjì tó fi tún yọ. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn arúgbó méjì ló fi èémí ara wọn ba ògiri jẹ́.

Àjọ yìí kan náà wá gbọ́ nípa àwòrán. Wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn nípa Peckham àtijọ́, wọ́n sì rán Jordan, òṣìṣẹ́ wọn tó mọ̀ nípa fíìmù, wá wò ó. Kò tíì jókòó tójú ẹ̀ fi yí padà.

“Uncle,” ó ní, “fíìmù yìí ò lè sùn síbí mọ́. Yàrá yìí máa pa á.”

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mọ́tò fi dé. Wọ́n kó páálí méje lọ sí yàrá gbígbẹ kan ní Surrey Quays, níbi tí ẹ̀rọ ti ń wọn afẹ́fẹ́. Aunty Sherifat dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ọkọ mi ńkọ́?”

Jordan wolẹ̀. “Ẹ̀ka tiwa kọ́ ló ń rí sí èèyàn, Mummy.”

Mi ò lè dá a lẹ́bi tán. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé yàrá náà kò yẹ fún fíìmù, ó sì fún mi ní ẹ̀dà kan. Ọ̀gá kan ní àjọ náà fọwọ́ sí i pé òun ti rí i, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni Bàbá tún sùn níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ta ni ọ̀gá yìí? Nígbà tó ń ka ìwé náà, ṣé kò rò pé yàrá tí fíìmù wà, ẹnì kan ń sùn níbẹ̀? Àbí ká bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, Bàbá kì í ṣe fíìmù, wọn ò ṣeé kó sínú páálí?

Lánàá, àjọ náà fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n bèèrè bóyá àwọn lè kọ orúkọ Bàbá gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà àfihàn náà.

Lánàá yìí kan náà ni Aunty Sherifat pè mí. “Mo ti fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri,” wọ́n ní, “nǹkan dúdú náà ṣì ń tẹ̀ lé mi.” Wọ́n wá wúkọ́. Mo mọ irú ikọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, bí fóònù mi bá dún, orúkọ wọn ni mo kọ́kọ́ ń wá lójú rẹ̀.

Mo ń bèèrè orúkọ ọ̀gá tó fọwọ́ síwèé. Kó jáde, kó sọ fún wa ohun tó ṣe lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n sì gbé ìyá yìí lọ síbi gbígbẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí wọ́n bá kọ̀, àwa tí ojú wa wà nínú àwòrán yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà àfihàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, a ó ka ìwé náà sókè fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kó fíìmù kúrò. Aunty Sherifat wà nínú yàrá yẹn bí ẹ ṣe ń ka èyí.